Oògùn Tó Ń Dín Ásíìdì Inú Kù: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Tí Kò Ní Di Ìṣòro Míì

Ẹni tí àyà ń ta, tí omi kíkan ń ru gòkè wá bá ní ọ̀fun láàárín òru, kì í ní sùúrù fún àlàyé. Ìtura ló ń wá. Ìtura ọ̀hún sì wà lóòótọ́: oògùn tó ń dín ásíìdì kù ń ṣiṣẹ́, kò sì léwu púpọ̀ bí a bá lò ó fún ohun tó yẹ, níye ọjọ́ tó yẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé oògùn tí wọ́n ní kí èèyàn lò fún ọ̀sẹ̀ méjì á di ohun tó ń lò títí ọdún kẹta, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì ní lè sọ ìdí rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ṣáájú ohun gbogbo rèé: kí ẹ tó gbé hóró àkọ́kọ́ mì, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa fi í sílẹ̀ sára páálí rẹ̀. Àlàyé tó kù ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ọjọ́ tó yẹ kí ẹ kọ.

1. Ṣé ọ̀rọ̀ ásíìdì ni lóòótọ́?

Òkè inú tó ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, àyà tó ń jó láàárín, omi kíkan tó ń padà wá sí ẹnu bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó dùbúlẹ̀: ìwọ̀nyí ni oògùn ásíìdì wà fún. Àmọ́ àwọn àìsàn kan wà tó fara jọ ọ́ tí kì í ṣe òun.

Ọkàn ló burú jù nínú wọn. Bí àyà bá ń fún yín pinpin, tí ìrora ọ̀hún ń ràn lọ sí apá, ọrùn tàbí àgbọ̀n, tí òógùn ń bò yín tàbí èémí kò délẹ̀, ẹ má wá oògùn inú rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ forí lé lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ti jókòó ti ìgò oògùn inú títí ọkàn fi dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ tún sáré lọ bí ẹ bá ń pọ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí èébì yín rí bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn ju bó ṣe ń rùn tẹ́lẹ̀ lọ. Tàbí bí inú bá ṣàdédé dùn yín gan-an tí ikùn sì le gbagidi. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jò nínú ló ń sọ ìgbẹ́ di dúdú bẹ́ẹ̀. Ká má parọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú àti oògùn inú tó ní bismuth náà lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú jókòó sílé.

Èyí tí kò ní kánjú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà láìpẹ́, ni kí oúnjẹ máa há lọ́fun, kí èèyàn máa rù láìnídìí, kí èébì má dáwọ́ dúró, tàbí kí àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ẹni tó ti lé ní ọdún 55 tí irú wàhálà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu náà kò gbọdọ̀ dá ara rẹ̀ tọ́jú. Ìdí ni pé oògùn ásíìdì lè jẹ́ kí ìrora jẹjẹrẹ inú rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí àìsàn náà sì máa bá tiẹ̀ lọ lábẹ́. Pé oògùn jẹ́ kí ara tu yín kò fi hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹ máa bi ara yín: kí ni mò ń lò fún ara ríro? Ibuprofen, diclofenac, naproxen àti aspirin máa ń dá ọgbẹ́ sínú. Ẹni tó ń lo diclofenac láràárọ̀ fún orúnkún, tó tún wá ń lo oògùn ásíìdì lálaalẹ́ fún inú tó ń ta, ọwọ́ kan ló fi ń dáná, ó ń fi èkejì pa á. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ní kí dókítà fi paracetamol rọ́pò rẹ̀. Aspirin kékeré tí dókítà kọ fún ọkàn yàtọ̀ o. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

2. Ẹ wá orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá

Orúkọ ńlá tó ń dán lójú páálí, ilé iṣẹ́ ló fún un. Kò sọ ohun tó wà nínú oògùn. Ẹ yí páálí náà padà, kí ẹ wá orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń pa ásíìdì tó ti wà nílẹ̀. Calcium carbonate, magnesium hydroxide, aluminium hydroxide tàbí sodium bicarbonate lẹ máa rí lára rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbára rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán. Bí inú bá ṣófo, ó lè má ju wákàtí kan lọ. Bí ẹ bá lò ó ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Hóró tí wọ́n ní kí ẹ jẹ lẹ́nu, ẹ jẹ ẹ́ kúnná dáadáa, ẹ má gbé e mì ní odindi. Èyí tó jẹ́ olómi, ẹ mi ìgò rẹ̀. Magnesium máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, aluminium àti calcium máa ń mú kí ìgbẹ́ le. Àwọn kan ní alginate nínú, èyí tó máa ń léfòó lórí oúnjẹ nínú ikùn tí kì í jẹ́ kí ásíìdì gòkè. Ó dára gan-an fún ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó bá dùbúlẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Sodium bicarbonate ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù nínú àwọn wọ̀nyí. Iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kò dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Ẹ má sì mu ún nígbà tí inú bá kún bámúbámú, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń di nínú ikùn. Ẹ tún ṣàyẹ̀wò àwọn hóró tó ń hó nínú omi: aspirin wà nínú àwọn kan, ní 2016 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, sì kìlọ̀ pé irú wọn lè jẹ́ kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: èèyàn á torí ọgbẹ́ inú ra ohun tó ń dá ọgbẹ́ sínú.

Oríṣi kejì ni àwọn tí orúkọ wọn parí sí "tidine", bíi famotidine àti cimetidine. Wọ́n ń dín ásíìdì tí ikùn ń pèsè kù. Ó máa ń tó wákàtí kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ dáadáa, agbára wọn sì lè tó wákàtí 12. Wọ́n dára fún ìnira tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá lóru. Àléébù wọn ni pé bí ẹ bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ara á ti mọ̀ wọ́n lára, agbára wọn á sì dín kù. Ìyẹn kò ní kí ẹ sọ hóró kan di mẹ́ta.

Oríṣi kẹta ló lágbára jù, òun náà ni wọ́n sì ń lò ní ìlòkulò jù: àwọn tí orúkọ wọn parí sí "prazole". Omeprazole, esomeprazole, lansoprazole, pantoprazole, rabeprazole, ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá lo omeprazole láàárọ̀ tó tún lo pantoprazole lálẹ́ nítorí pé páálí wọn ò jọra, oògùn kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì.

3. Àkókò tí ẹ máa lo "prazole"

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyí: èèyàn á jẹun alẹ́ yó, á gbé kápúsù omeprazole mì, á sì sùn. Bílẹ̀ bá mọ́, á ní oògùn náà ò jẹ́. Oògùn náà ń jẹ́. Kò bá àsìkò ni.

Pọ́ǹpù kéékèèké wà lára inú ikùn tó ń tú ásíìdì jáde. Bí a kò bá tíì jẹun, èyí tó pọ̀ nínú wọn ń sinmi. Oúnjẹ ló ń jí wọn. Àwọn "prazole" kì í sì í mú pọ́ǹpù tó ń sinmi, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́. Ìfun kékeré ni wọ́n ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé wọn padà dé ara ikùn. Wọn kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Nítorí náà, ó yẹ kí oògùn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní àkókò tí oúnjẹ ń jí àwọn pọ́ǹpù náà.

Èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ ni kí ẹ lò ó, oúnjẹ àárọ̀ ló sì dára jù. Ẹ fi omi lò ó, ẹ dúró, kí ẹ wá jẹun lóòótọ́. Kì í ṣe kí ẹ lò ó tán kí ẹ sì fi ebi para yín di ọ̀sán. Bí dókítà bá ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ti àárọ̀ á ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, ti alẹ́ á ṣáájú oúnjẹ alẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀kan, ẹ má sọ èyí tó tẹ̀ lé e di méjì.

Ẹ má rún un lẹ́nu, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Wọ́n fi nǹkan bò ó kí ásíìdì má bàa bà á jẹ́ kó tó dé ìfun. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ti ba oògùn jẹ́ kó tó gbé e mì. Bí gbígbé mì bá jẹ́ ìṣòro, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn. Kápúsù kan wà tí wọ́n lè ṣí, kí wọ́n da hóró wínníwínní inú rẹ̀ sórí oúnjẹ tó rọ̀, kí ẹ gbé e mì láìrún un.

Ẹ má sì retí pé á ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe gbogbo pọ́ǹpù ló ń ṣí lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ó lè gba ọjọ́ 1 sí 4 kí agbára rẹ̀ tó pé. Bí àyà bá ta yín láàárín àkókò yẹn, oríṣi àkọ́kọ́, èyí tó ń pa ásíìdì tó ti wà nílẹ̀, ni kí ẹ fi gbà á, kì í ṣe kápúsù mìíràn.

4. Oògùn yòókù tí ẹ ń lò

Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sórí ìwé kan, títí kan àgbo àti fítámì, kí ẹ mú un lọ bá apòògùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka àgbo mọ́ oògùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Àwọn tó ń pa ásíìdì lójú ẹsẹ̀ máa ń so mọ́ oògùn míì nínú ikùn, oògùn náà kò sì ní lè wọnú ẹ̀jẹ̀. Àwọn antibáyọ́tíìkì bíi ciprofloxacin, doxycycline àti tetracycline wà nínú èyí, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú àti levothyroxine fún ọ̀rọ̀ táírọ́ọ̀dù náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán wákàtí 2 wà láàárín wọn. Ti levothyroxine, kó tó wákàtí 4. Ti ciprofloxacin, ẹ lò ó ní wákàtí 2 ṣáájú oògùn ásíìdì, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń lo dolutegravir fún HIV ní láti lò ó ní wákàtí 2 ṣáájú oògùn ásíìdì tó ní magnesium tàbí aluminium, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀.

Ti "prazole" kò ṣeé fi wákàtí yanjú, nítorí ásíìdì fúnra rẹ̀ ló ti dín kù tọ̀sán-tòru. Rilpivirine, oògùn HIV kan, kò gbọdọ̀ bá wọn pàdé rárá. Omeprazole àti esomeprazole kì í jẹ́ kí clopidogrel, tí wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì lẹ́yìn àìsàn ọkàn, ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Pantoprazole ni àwọn dókítà sábà ń fi rọ́pò. Ẹni tó ń lo warfarin, phenytoin, digoxin tàbí methotrexate gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀. Cimetidine náà máa ń da warfarin, phenytoin àti theophylline rú, famotidine kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú ẹ̀.

5. Ọjọ́ wo lẹ máa kọ sára páálí?

Bó bá jẹ́ pé ẹ rà á fúnra yín láìsí ìwé dókítà, ọjọ́ 14 ni. Lára omeprazole irú èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n kọ ni pé hóró kan tó jẹ́ 20 mg lójúmọ́, fún ọjọ́ 14, kí èèyàn má sì tún un bẹ̀rẹ̀ àfi bí oṣù 4 bá kọjá, àyàfi tí dókítà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ 14 bá pé tí inú ṣì ń ta, ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe páálí kejì, dókítà ni.

Bí dókítà bá rí i pé ásíìdì ti ń bó ọ̀nà ọ̀fun tàbí pé ọgbẹ́ wà nínú, ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ béèrè ọjọ́ ìparí lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó dìde. Bí kò bá dárúkọ ọjọ́, ẹ tún béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ inú ní ohun kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní in mọ̀. Títí di bí ogójì ọdún sẹ́yìn, wọ́n gbà pé ìrònú àti ata ló ń fà á. Àfìgbà tó di 1982 tí Barry Marshall àti Robin Warren ní Ọsirélíà rí bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori nínú ikùn àwọn aláìsàn. Nígbà tí àwọn èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé bakitéríà náà mu ní 1984, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ohun tó kàn yín níbẹ̀ ni pé bí bakitéríà yìí bá wà nínú yín, omeprazole nìkan á kàn máa pa ìrora lẹ́nu mọ́ ni. Ọgbẹ́ á tún padà. Antibáyọ́tíìkì tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ "prazole", fún ọjọ́ 14 lọ́pọ̀ ìgbà, ló ń lé e lọ. Ẹ lò ó tán pátá, kódà bí inú bá ti tutù lọ́jọ́ kẹrin.

Àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ dá "prazole" dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú rẹ̀, kí antibáyọ́tíìkì sì ti kúrò lára yín fún ọ̀sẹ̀ 4, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àyẹ̀wò lè ní kò sí níbẹ̀, kó sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan wà tí "prazole" gbọ́dọ̀ wà lára wọn fún ìgbà pípẹ́: ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, ẹni tí ásíìdì ti yí awọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ padà, àgbàlagbà tí kò lè ṣe kó má lo aspirin tàbí oògùn ara ríro. Bí ẹ bá wà nínú wọn, ẹ má tìtorí ohun tí ẹ kà níbí dá a dúró. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ná.

6. Bí ẹ ṣe máa fi í sílẹ̀

Ẹni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì lè dá a dúró lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ti lò ó fún oṣù mélòó kan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Nígbà tí oògùn ń dí ásíìdì lọ́wọ́, ara kì í gbà bẹ́ẹ̀; ṣe ló ń múra láti pèsè púpọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí oògùn bá kúrò lójijì, ásíìdì á tú jáde bí odò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìdènà rẹ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní Denmark fún àwọn tí inú wọn kò ṣe nǹkan kan ní esomeprazole fún ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn tí wọ́n dá a dúró, ó lé ní 40 nínú 100 wọn tó wá ń ní àyà títa tàbí omi kíkan. Oògùn ló kó wọn sínú ohun tí wọn ò ní tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sínú ẹ̀. Wọ́n á dá a dúró ní ọjọ́ mẹ́ta, àyà á jó wọn, wọ́n á ní "àìsàn mi ò tíì lọ", wọ́n á sì padà sídìí páálí. Ẹ mọ̀ dájú pé ìnira yẹn lè bẹ́ sílẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì lọ.

Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ẹ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù sí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń lo 40 mg á bọ́ sí 20 mg. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé kápúsù, ẹ gba èyí tó kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa lò ó lọ́jọ́ kan kí ẹ fi ọjọ́ kejì sílẹ̀, títí ẹ ó fi lè dá a dúró. Láàárín àkókò yìí, ẹ ní oògùn tó ní alginate tàbí calcium carbonate nítòsí. Bó bá jẹ́ pé ìnira náà kò lọ lẹ́yìn oṣù méjì, ó ṣeé ṣe kí àìsàn gan-an ṣì wà ńlẹ̀. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

7. Bí ó bá di dandan kó pẹ́ lára yín

Ásíìdì kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò tó bá oúnjẹ wọlé, òun ló sì ń tú fítámì B12 sílẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ. Bó bá ti dín kù fún ọdún gbọọrọ, B12 lè lọ sílẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru tí bakitéríà ń fà sì lè wáyé. Magnesium inú ẹ̀jẹ̀ náà lè lọ sílẹ̀ lára ẹni tó ti lò ó ju ọdún kan lọ. Bí iṣan bá ń kì yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n tàbí àyà ń lù ní ìlù tí kò dọ́gba, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún rí i pé egungun ìbàdí, ọrùn-ọwọ́ àti ẹ̀yìn tètè ń ṣẹ́ lára àwọn kan tó ń lò ó púpọ̀. Kíndìnrín lè wú, àmọ́ èyí kò wọ́pọ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri pé ó ń fa àrùn ìgbàgbé, wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, ẹ bi dókítà pé: ṣé mo ṣì nílò rẹ̀, ṣé ìwọ̀n yìí kò pọ̀ jù?

8. Àwọn tí tiwọn yàtọ̀

Aláboyún tí àyà ń ta lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alginate tàbí calcium carbonate lẹ́yìn tó bá ti bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kó yẹra fún sodium bicarbonate. Misoprostol, tí wọ́n ń lò nígbà míì láti dáàbò bo ikùn, lè ba oyún jẹ́: kó má fẹnu kàn án. Ọmọdé kì í lo "prazole" tí wọ́n rà láìsí ìwé dókítà. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àárẹ̀ kò gbọdọ̀ lo magnesium àti aluminium láìgba àṣẹ, ìwọ̀n famotidine rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kéré, torí ó lè dá ọpọlọ rú, pàápàá lára àgbàlagbà.

9. Ohun tí oògùn ò lè bá yín ṣe

Ẹ má jẹun ní wákàtí 3 tó ṣáájú oorun. Ẹ gbé igi tàbí bíríkì sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níbi orí, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ìrọ̀rí mẹ́ta kò lè ṣe é, ikùn ló máa ń ká. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn. Sìgá, ọtí àti ìgbànú tó fún ikùn ń dá kún un, sísanra náà ń dá kún un. Ní ti oúnjẹ, mi ò ní fún yín ní àtòkọ èèwọ̀. Ohun tó ń ta inú ẹnì kan kì í ta ti ẹlòmíì. Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ àti ohun tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó bá ń dá wàhálà sílẹ̀ á hàn.

Bí ẹ bá sì rí ranitidine tó ti pẹ́ nínú àpótí oògùn yín, ẹ má lò ó. Ní oṣù kẹrin 2020, FDA ní kí wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ nítorí NDMA, ohun kan tó lè fa jẹjẹrẹ, tó ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bó ṣe ń pẹ́ tàbí tí ooru bá mú un. Ẹ dá a padà fún apòògùn, kí ẹ sì ní kó sọ èyí tẹ́ ẹ lè lò dípò rẹ̀ fún yín.